Ẹ̀dà òṣìṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà: kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ta ló sì ni ín?

Ní oṣù kẹrin 2021, Jensen Huang, ọ̀gá pátápátá ní NVIDIA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, fi fáktìrì BMW kan tó wà ní Regensburg ní Jámánì han aráyé, àmọ́ kì í ṣe fáktìrì tèèyàn lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀ o, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ wà, ilẹ̀ ẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀, àpótí tí wọ́n ń kó páàtì sí, títí kan àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń nawọ́ mú nǹkan, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, NVIDIA sì ní dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ìṣesí, tí wọ́n gbà lára àwọn òṣìṣẹ́ gidi ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó, wọ́n ní háà, òyìnbó mà gbọ́n o, wọ́n bá tiwọn lọ. Àmọ́ àwọn tí wọ́n gba dátà lára wọn yẹn ńkọ́, kí ni wọ́n bá wọn ṣàdéhùn lé lórí? Ohun tó mú mi kọ eléyìí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń gbilẹ̀, àwọn yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí gan-an, bẹ́ẹ̀ àwa tí ara wa ń ṣiṣẹ́ ní wíáháósì àti fáktìrì ò tíì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ò jẹ mọ́ òṣìṣẹ́ rárá. Lọ́dún 1970 tí tánkì ọ́síjìn bú gbàù lára ọkọ̀ Apollo 13 lójú ọ̀nà òṣùpá, NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn òfúrufú, ní irú ọkọ̀ yẹn nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi ń dá àwọn awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́, òun ni wọ́n sáré tò kó rí bíi ti èyí tó bà jẹ́ lókè, tí wọ́n ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò lára ẹ̀ kí wọ́n tó sọ fáwọn tó wà lókè pé ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe tọ̀hún. Ní 2002, Michael Grieves gbé irú èrò yẹn kalẹ̀ ní University of Michigan fún àwọn tó ń ṣe ọjà ní fáktìrì, nígbà tó yá John Vickers ti NASA fún un lórúkọ, ó pè é ní digital twin, ìyẹn ìbejì inú kọ̀ǹpútà, òun ni mò ń pè ní ẹ̀dà níbí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: ẹ ní ẹ̀rọ kan, ẹ ṣe irú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ so sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mọ́ èyí tòótọ́, ohunkóhun tó bá ń ṣe é, bó gbóná, bó ń gbọ̀n, bó ti ń jẹ epo jù, ó máa hàn lára èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin á sì mọ̀ pé ó máa tó bà jẹ́ kó tó bà jẹ́. Fún ẹ̀rọ ọkọ̀ òfúrufú, ó dáa gan-an ni. Ẹ̀rọ ò ní ọ̀gá, kò ní ìyàwó nílé, kò sì ní sọ pé ẹ yéé wò mí.

Báwo ló ṣe wá kan èèyàn? Jámánì ló kọ́kọ́ pariwo Industry 4.0 níbi ìpàtẹ Hannover ní 2011, kí gbogbo ẹ̀rọ inú fáktìrì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí dátà máa ṣàn. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ òṣìṣẹ́. Àfi ìgbà tó yá tí wọ́n rí i pé ibì kan wà tí ẹ̀rọ ò lè dé, Elon Musk fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sórí Twitter ní oṣù kẹrin 2018 pé àṣejù ẹ̀rọ táwọn ṣe ní Tesla, àṣìṣe òun ni, àwọn ò ka èèyàn sí tó bó ṣe yẹ. Ní oṣù kìíní 2021, Àjọ EU wá gbé ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní Industry 5.0, wọ́n ní ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ bá èèyàn mu, kì í ṣe èèyàn ló máa bá ẹ̀rọ mu, pé ìlera òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn. Ọ̀rọ̀ dídùn. Tí fáktìrì bá máa wá bá èèyàn mu, ó gbọ́dọ̀ mọ èèyàn ọ̀hún, kó mọ bó ṣe ga tó, bí apá ẹ̀ ṣe gùn tó, ìgbà tó ń rẹ̀ ẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà òṣìṣẹ́ gbà wọlé.

Ẹ̀dà náà lè tinrin, ó sì lè nípọn. Èyí tó tinrin jù ni egungun lásán, ìyẹn gígùn ara àti bí oríkèé ṣe ń yí. Wọ́n lè gba ìrìn àti ìṣesí kún un, bóyá kámẹ́rà ló ń wo òṣìṣẹ́ tàbí kó wọ aṣọ tí sẹ́ńsọ̀ kéékèèké wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti inú ara, bí ọkàn ṣe ń lù tí aago ọwọ́ ń kà, bí iṣan ṣe ń fà. Àwọn kan wà tó ń wo ojú, ibi téèyàn ń wò àti iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú, àwọn míì tiẹ̀ ń dé fìlà tó ń ka iná inú ọpọlọ sórí èèyàn, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tìyẹn, inú lábù ló ṣì wà. Èyí tó ti wọ fáktìrì dáadáa ni egungun àti ìṣesí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní. Ká ní arábìnrin kan ń fún nọ́ọ̀tì lábẹ́ mọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí ẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní RULA, Lynn McAtamney àti Nigel Corlett ló gbé e jáde ní Nottingham ní 1993, máàkì ló ń fún ara. Bí apá ò bá kọjá 20 dígírì síwájú tàbí sẹ́yìn, máàkì 1. Bó bá lọ síwájú láàárín 20 sí 45, máàkì 2. Láti 45 sí 90, 3. Bó bá ti kọjá 90, 4 ni, tó bá tún wá ń gbé èjìká sókè, wọ́n á fi 1 lé e. Wọ́n á ṣe ti ọrùn, ti ẹ̀yìn, ti ọrùn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wo bí agbára tó ń lò ṣe tó àti iye ìgbà tó ń ṣe é, gbogbo ẹ̀ á wá já sí nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 7. Bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, ó dáa. Bó bá jẹ́ 7, ẹ tún iṣẹ́ yẹn tò kíákíá, torí èjìká arábìnrin yẹn ń lọ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, èèyàn kan ló máa mú bírò àti pépà dúró síbẹ̀ tá á máa wò ó, ó lè wo ìṣesí bíi mélòó kan lóòjọ́. Ní báyìí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà á ṣe é láìdúró, láti àárọ̀ tó bá débẹ̀ títí tó máa fi lọ sílé.

Ti ẹrù gbígbé náà wà. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ìṣirò kan tí 23 kílò jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyẹn bí ẹrù bá sún mọ́ ara dáadáa, bí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25, tí gbogbo nǹkan yòókù sì rọgbọ. Ẹ sún ẹrù yẹn síwájú kó di sẹ̀ǹtímítà 50 sí ara, 23 yẹn á já sí 11.5 lójú ẹsẹ̀, ẹrù kan náà o, kò tíì yí padà, ọwọ́ ló kàn nà. Ẹni tó bá ti já àpò sìmẹ́ǹtì rí mọ̀ ọ́n lára láì ka ìwé kankan. Ohun tí ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà wá ń ṣe ni pé kí wọ́n tó kọ́ fáktìrì rárá, wọ́n á ti fi í gbé ẹrù yẹn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, wọ́n á sì rí i pé tábìlì yẹn gbọ́dọ̀ sún mọ́ òṣìṣẹ́ díẹ̀ sí i. BMW ṣe irú ẹ̀ fún fáktìrì wọn ní Debrecen ní Hungary, oṣù kẹta 2023 ni wọ́n ti ṣí i nínú kọ̀ǹpútà, mọ́tò gidi ò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ títí 2025.

Èmi ò sí lára àwọn tó máa sọ pé gbogbo ẹ̀ burú. Ford ti ń lo ẹ̀dà èèyàn kan tó ń jẹ́ Jack tipẹ́, yunifásítì Pennsylvania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìdí Siemens ló wà báyìí, wọ́n á fi í to iṣẹ́ kí mọ́tò tuntun tó bọ́ sórí láìnì. Ní 2015 Ford sọ pé láti 2003, ìpalára àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ní Amẹ́ríkà ti fi ìpín 70 nínú 100 dín kù. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni, àmọ́ ká tiẹ̀ ní ó jẹ́ ìdajì ẹ̀, ẹ̀yìn àti èjìká àwọn èèyàn gidi la ń sọ yẹn, àwọn tí ò ní fi ọjọ́ ogbó máa mu oògùn ara ríro. Ẹ sì kíyè sí nǹkan kan: Jack kì í ṣe ẹnì kankan. Kò ní orúkọ nínú ìwé owó oṣù, wọn ò lè lé e, wọn ò lè kọ̀wé sí i pé ó ń falẹ̀.

Ibi tó ti yí padà ni ìgbà tí ẹ̀dà bá di ti ẹnì kan pàtó, tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, tó ń gba dátà lára ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìjà yẹn sì ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní oṣù kẹjọ 1911, àwọn tó ń da irin ní Watertown Arsenal, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Amẹ́ríkà ní Massachusetts, ju iṣẹ́ sílẹ̀ torí wọ́n mú aago stopwatch wá láti máa fi ka bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń yára tó, ọgbọ́n Frederick Taylor ni, ẹnjiníà Amẹ́ríkà tó ń fi aago wọn iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì parí sí pé wọ́n fi òfin de stopwatch lára iṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó àwọn ológun ṣe, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Frank Gilbreth tí òun náà jẹ́ bíríkìlà nígbà kan ti rí i pé wọ́n lè to búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ìṣesí 5 dípò 18, òun àti ìyàwó ẹ̀ Lillian wá ń so gílóòbù kékeré mọ́ ìka òṣìṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò tó máa mú ipa ọ̀nà tí iná yẹn gbà, wọ́n á wá fi wáyà tẹ irú ọ̀nà yẹn gẹ́lẹ́ kí àwọn míì lè máa fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí, ìdí wáyà yẹn ló ti ṣẹ̀. Gilbreth ní òun fẹ́ kí iṣẹ́ má rẹ òṣìṣẹ́ ni, Taylor ní òun fẹ́ kí owó pọ̀ fún ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ irú ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n.

Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Nọ́ńbà kan náà tó máa sọ pé èjìká arábìnrin yìí ń dùn ún, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́ míì fún wákàtí méjì, òun náà ló máa sọ pé arábìnrin yìí ò lè ṣe tó ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mọ́, bí kọ́ńtíráàkì ẹ̀ bá parí ẹ má tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo Amazon ní ilẹ̀ Faransé. CNIL, àjọ tó ń rí sí dátà níbẹ̀, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 32 yúrò lé wíáháósì wọn ní ìparí 2023, a gbọ́ ọ ní oṣù kìíní 2024, Amazon ní àwọn ò gbà. Skánà tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí o bá fi skánà tẹ ọjà kan, tí o tẹ òmíì kí ìṣẹ́jú àáyá 1.25 tó pé, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti yára jù, o lè ṣe àṣìṣe. Bí skánà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 10, ìyẹn náà lórúkọ tiẹ̀. Ọjọ́ 31 ni wọ́n sì ń fi gbogbo ẹ̀ pamọ́. CNIL ní ó ti pọ̀ jù, pé ó lè mú kí òṣìṣẹ́ máa ṣàlàyé gbogbo ìgbà tó bá fi dúró. Skánà lásán nìyẹn o, kò tíì sí ẹni tó ka ìlù ọkàn.

Tó bá wá di ti ìlù ọkàn, ìbéèrè míì tún wà, ṣé ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń kà tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ lára wa? Ìwádìí kan jáde ní New England Journal of Medicine ní oṣù kejìlá 2020 lórí pulse oximeter, ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, wọ́n rí i pé ó ń fojú fo ọ́síjìn tó ti lọ sílẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Iná tó ń gba inú awọ ara kọjá ló ń lò, aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn náà ń lo iná tó ń wọ inú awọ. Mi ò ní gbogbo aago ló ń purọ́, àmọ́ kí wọ́n tó sọ pé ó ti rẹ èèyàn tàbí kò rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ irú awọ tí wọ́n fi dán an wò. Ìwọ̀n ara tí àwọn ẹ̀dà bíi Jack ń lò náà, ara àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n wọ̀n ní 1988 ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti ṣà nítorí ara líle. Ìyá ọmọ mẹ́ta tó ń di bísíkíìtì sínú páálí fún wákàtí mẹ́jọ, kò jọ wọ́n.

Òfin ńkọ́? Òfin AI ti EU wọlé ní oṣù kẹjọ 2024, láti ọjọ́ kejì oṣù kejì 2025 ó sì ti di èèwọ̀ láti fi AI ka ìmọ̀lára òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́, àfi fún ìlera tàbí ààbò, ìtanràn ẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 35 yúrò tàbí ìpín 7 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ilé iṣẹ́ yẹn lágbàáyé. Ó dáa. Àmọ́ ẹ ka inú ẹ̀ dáadáa, wọ́n ní ìrora àti àárẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀lára. Wọn ò gbọ́dọ̀ kà á lójú ẹ pé inú ń bí ẹ sí súpáfáísọ̀, àmọ́ wọ́n lè kà á pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ohun tí ẹ̀dà òṣìṣẹ́ sì fẹ́ mọ̀ jù lọ ni àárẹ̀.

Jámánì ní tiwọn ní ohun tó lágbára ju èyí lọ, ó sì ti wà láti 1972. Òfin wọn ní bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ èyíkéyìí tó lè máa ṣọ́ ìṣesí tàbí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe sí wá, ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọlé. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, dátà wo, ta ló máa rí i, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́.

Ní UK tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa wà ní wíáháósì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Amazon ní Coventry da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2023, irú ẹ̀ àkọ́kọ́ ní UK, owó ni wọ́n torí ẹ̀ jáde ní pàtàkì. Nígbà tí wọ́n wá dìbò ní oṣù keje 2024 kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ GMB lè máa bá ilé iṣẹ́ dúnàádúrà fún wọn, díẹ̀ báyìí ló kù, ìpín 49.5 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà kò sí ẹni tó jókòó sí tábìlì yẹn. Àmọ́ ICO, àjọ dátà wọn, kò sùn pátápátá, ní oṣù kejì 2024 wọ́n ní kí Serco Leisure yéé fi ojú àti ìka mú àwọn òṣìṣẹ́ wọlé síbi iṣẹ́, pé wọn ò fún wọn ní ọ̀nà míì, kò sì sí bí òṣìṣẹ́ ṣe máa sọ pé rárá fún ẹni tó ń san owó oṣù ẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ní Ọ̀tà, Àgbárá, Ìkẹjà, tọ́mpíríǹtì ni wọ́n fi ń wọlé ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan àwọn kájúàlù tí wọn ò fún ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Òfin Factories Act tá a ní, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, afẹ́fẹ́, ilé ìyàgbẹ́ àti kí wọ́n fi nǹkan bo ẹnu ẹ̀rọ ló ń sọ. Òfin dátà tí Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 2023 ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ka dátà ìlera sí nǹkan ẹlẹgẹ́, abala 37 ẹ̀ sì ní o lẹ́tọ̀ọ́ láti má jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá ẹjọ́ tó máa kàn ẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ó wà nínú ìwé. Kájúàlù wo ló máa gbé e lọ bá HR?

Ohun tó tún wá ń ká mi lára jù ni ti ìmọ̀ ọwọ́. Ní 2024 Tesla kéde iṣẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó máa wọ aṣọ motion capture tó ń gba ìṣesí ara sílẹ̀, tó máa dé gíláàsì VR tó ń fi àwòrán inú kọ̀ǹpútà hàn lójú, tó máa rìn ju wákàtí 7 lọ lójúmọ́, tí gíga ẹ̀ á wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 ínṣì 7 sí ẹsẹ̀ bàtà 5 ínṣì 11, kí rọ́bọ́ọ̀tì wọn tó ń jẹ́ Optimus lè máa kọ́ ìṣesí lára ẹ̀. Ìyẹn ò burú, ẹni tó gba iṣẹ́ yẹn mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń sanwó fún un. Àmọ́ ẹni tó ti ń fún nọ́ọ̀tì fún ogún ọdún, tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ló mọ ìgbà tó ti tó, tí wọ́n ní kó wọ sẹ́ńsọ̀ nítorí ìlera ẹ̀, ta ló sọ fún un pé dátà yẹn náà lè kọ́ ẹni tó máa gbapò ẹ̀?

Àwọn òṣèré Hollywood rí èyí bọ̀. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù keje títí di oṣù kọkànlá 2023, ẹ̀dà wọn nínú kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jà, wọ́n sì gbà á sínú àdéhùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn, kí wọ́n sì sanwó. California ṣe òfin ẹ̀ ní 2024, pé ìwé tí èèyàn bá fi tọwọ́ bọ ẹ̀dà ara ẹ̀ láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gan-an, láìní lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, kò lè mú un. Àwọn yẹn lókìkí, wọ́n lówó lọ́yà.

Bí wọ́n bá wá gbé aago tàbí aṣọ elésẹ́ńsọ̀ wá síbi iṣẹ́ tiyín, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi mọ̀ àti ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi í ṣe láé, ẹ bèèrè bóyá súpáfáísọ̀ máa rí orúkọ tàbí nọ́ńbà àpapọ̀ nìkan, bóyá ẹ̀yin náà lè rí dátà ara yín, bóyá ẹni tó bá ní òun ò wọ̀ ọ́ ṣì máa níṣẹ́, iye ọjọ́ tó máa wà nípamọ́, bóyá wọ́n máa fi kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, èló sì ni, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò, torí GDPR, òfin dátà ní Yúróòpù, lè jẹ́ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pa fídíò yín rẹ́, àmọ́ ó ṣòro gan-an láti yọ ohun tí ẹ̀rọ ti kọ́ lára ẹ̀ kúrò. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀ sórí pépà, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú.